Ẹ Ka Àwọn Ọmọ Kí Ẹ Tó Ka Èsì Ìdánwò

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́, àwọn apẹja àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Gberefu, létí òkun Àgbádárìgì, lórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba)

Inú wa dùn wí pé ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹ fi oko sílẹ̀, ẹ sì fi ẹja sílẹ̀ lórí iná kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòroó yé ni, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ọ̀rọ̀ nípa èsì ìdánwò ni, àti nípa àwọn ọmọ tí ń jókòó ṣe ìdánwò náà.

Ní ọdọọdún, nígbà tí èsì bá jáde, ohun kan náà ni a máa ń gbọ́ jákèjádò ilẹ̀ wa. Àwọn ènìyàn a ní, "Ilé-ìwé ìjọba ti bàjẹ́." Wọn a ní, "Ti àtijọ́ ni ẹ̀kọ́, ti ìsinsìnyí kò ju eré lọ." Wọn a ka iye àwọn ọmọ tí ó yege, wọn a mi orí, ẹni tí owó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú wọn a kó ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé-ìwé aládàáni. A kò wí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ilé-ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò kò dára, olùkọ́ tí kì í wá sí ibi iṣẹ́ kò sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ àwọn ọmọ tí ó jókòó lórí bẹ́ńṣì kò lè mọ ìtumọ̀ èsì ìdánwò wọn. Ohun tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí.

Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín wí pé òun wa 400 iṣu lóko ní ọdún yìí, ẹ kò ní tètè yìn ín, ẹ kò sì ní tètè bú u. Ẹ ó kọ́kọ́ béèrè pé: Ebè mélòó ni ó kọ? Irú ilẹ̀ wo ni ó kọ ọ́ sí? Ǹjẹ́ òjò rọ̀ tó? Ẹni tí ó kọ 500 ebè tí ó wa 400 iṣu kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó kọ 2,000 ebè tí ó wa 400. Bí àgbẹ̀ bá ní làákàyè tó báyìí lórí iṣu, ó yẹ kí ó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọmọ.

ILÉ-ÌWÉ ÀKỌ́KỌ́ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ INÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àgbádárìgì ni ilé-ìwé irú ti òyìnbó ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. William de Graft àti aya rẹ̀, tí wọ́n wá láti Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1845 àwọn òjíṣẹ́ ìjọ CMS dé, Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Àwọn náà dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀. Títí di òní ni àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ wá sí Àgbádárìgì láti wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òjíṣẹ́ náà kọ́, a sì ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan tí a kì í sábà béèrè. Ọmọ ta ni ó jókòó nínú ilé-ìwé àkọ́kọ́ ti de Graft? Púpọ̀ nínú wọn ni ọmọ àwọn Sàró, àwọn tí a ti gbà kúrò lóko ẹrú tí wọ́n sì ti Freetown padà wá sí ilẹ̀ bàbá wọn. Ọmọ onílẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òbí tí ó ti rí ìwúlò ìwé ní Freetown ni ó kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ wá. Ẹni tí kò tíì rí i, ohun tí ó rí ni ọwọ́ ọmọ náà lóko, nídìí àwọ̀n àti nídìí ọjà. Nítorínáà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ wí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ìgbà náà mọ̀wé, òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ fíìfíì. Ọ̀sà tí ó wà láàrin Gberefu àti ìlú Àgbádárìgì kò fẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó dúró ní èbúté ìhín lè rí òrùlé ilé ní èbúté ọ̀hún. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ìwé tó rí ọkọ̀ wọ̀ sọdá.

ỌDÚN 1955

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí kí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ gbogbo ènìyàn. Ní oṣù keje ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, gbé àbá kalẹ̀ ní Ìbàdàn wí pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Owó ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń jẹ, ìjọba sì bu owó-orí àfikún lé àwọn ènìyàn. Inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò dùn sí i rárá, ìbínú yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí Ẹgbẹ́ Alákùkọ fi ẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní ọdún 1954. Síbẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìjọba kò fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Àgbádárìgì wà ní ìgbà náà, nítorí ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Bí ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Oǹdó ti ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ etí òkun yìí ní in.

Ẹ gbọ́ iye àwọn ọmọ náà. Ní ọdún 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1955, iye wọn di 811,432. Láàrin ọdún kan péré, ọmọ tí ó lé ní 350,000 ni a fi kún wọn. Ta ni àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ ahunṣọ, ọmọ apẹja, ọmọ opó tí kò lè san owó ilé-ìwé. Wọ́n jẹ́ ọmọ tí kò sí ìwé kankan nínú ilé bàbá wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ wí pé ọjọ́ tí wọ́n wọ kílásì ni wọ́n kọ́kọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ti jó rẹ̀yìn, wọ́n ní ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò lè kọ lẹ́tà. Ìjọba gbọ́ ariwo náà, nígbà tí ọdún 1960 sì ń parí lọ, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Bánjọ láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn wò. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1961. Wọ́n gbà wí pé ìṣòro wà, wọ́n sì tọ́ka sí gbòǹgbò rẹ̀: àwọn olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fi tẹnu mọ́ ni wí pé kí a kọ́ àwọn olùkọ́. Ó sì yẹ kí a rántí wí pé a ti gé ọdún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́fà. Ẹni tí ó bá gba ọmọ púpọ̀ sí i, tí ó fi olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ lé wọn lórí, tí ó sì dín ọdún wọn kù, kò ní jẹ́ yà á lẹ́nu bí èsì bá rẹlẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni ìdájọ́ tí àwọn kan fi tì í. Wọ́n wí pé nítorí èsì rẹlẹ̀, kí a dín àwọn ọmọ kù. Ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1957, owó kò tó, owó ilé-ìwé sì padà sí àwọn kílásì kan ní ọdún 1958. Ilẹ̀ mìíràn náà ti rí irú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kẹ́ńyà mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní ọdún 2003, ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó ya wọ ilé-ìwé, kílásì kún àkúnya, ariwo kan náà sì tún dìde. Ní Èkó níbí, kí Alhaji Lateef Jákàńdè tó di gómìnà ní ọdún 1979, àwọn ọmọ ń pín ọjọ́ lò ni, àwọn kan ní àárọ̀, àwọn kan ní ọ̀sán, nítorí yàrá ìkàwé kò tó. Ó kọ́ yàrá ìkàwé káàkiri, ó sì fi òpin sí pínpín ọjọ́ náà. Àwọn kan fi ilé tí ó kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó jọ ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti rí ibi jókòó.

ÌṢIRÒ TÍ ÈSÌ Ń FI PAMỌ́

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpèjúwe lásán ni. Ẹ má fi pe ilé-ìwé kankan. Ilé-ìwé kan wà ní ìlú ńlá tí ó fi owó àti ìdánwò ṣa àwọn ọmọ tí ó gbà. Ọmọ 20 ni ó jókòó ṣe ìdánwò níbẹ̀, 18 sì yege. Ìyẹn ni 90 nínú 100. Ilé-ìwé ìjọba kan wà tí kì í lé ọmọ kankan padà. Ọmọ 60 ni ó jókòó, 42 sì yege. Ìyẹn ni 70 nínú 100. Àwọn ènìyàn yóò yin ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ sọ ọmọ 18 di ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ti mọ̀wé díẹ̀ láti ilé wá. Èkejì sọ ọmọ 42 dì í, láti inú ilé tí kò sí ìwé. Èwo nínú méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́ jù?

Ọ̀kan tún nìyí, èyí ni ó sì yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ọmọ 40 wọ kílásì kíní. Nígbà tí wọn yóò fi dé kílásì kẹfà, 15 ni ó ṣẹ́kù. 14 yege nínú wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé yọ̀, àwọn òbí jó, a sì kọ ọ́ sínú ìwé wí pé 14 yege nínú 15. Ṣùgbọ́n ọmọ 25 dà? Èsì ìdánwò kì í ka ọmọ tí kò jókòó ṣe ìdánwò. Bí a bá ń fi èsì nìkan díwọ̀n ilé-ìwé, ohun tí a ń kọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni wí pé kí ó máa rọra ti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra sí ẹ̀yìn odi, kí orúkọ ilé-ìwé lè máa tàn. Ọmọ tí a bá tì síta bẹ́ẹ̀ kò ní sí nínú ìwé kankan mọ́, yálà ìwé ìyìn tàbí ìwé ẹ̀bi.

BẸ́ŃṢÌ TI GBEREFU

Ta ni ó wá jókòó lórí bẹ́ńṣì létí òkun yìí? Ègùn, Àwórì àti Ìlàjẹ ni ó ń gbé etí òkun Àgbádárìgì, àti àwọn apẹja tí ó ti Keta ní ilẹ̀ Gánà wá, àti àwọn tí ó ti Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin wá. Ibi tí ẹja bá rìn sí ni apẹja ń rìn sí. Òun a kó àwọ̀n, a kó aya, a sì kó ọmọ. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ọdún ní ilé-ìwé kan lè parí rẹ̀ ní òmíràn, tàbí kí ó má parí rẹ̀ rárá. Nínú ìwé ìpè-orúkọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ wí pé kò wá. Ọ̀lẹ ni ìwé náà pè é, nígbà tí ó jẹ́ wí pé ìrìn-àjò ni ó lọ.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Nígbà tí ẹja bá pọ̀, iná kì í kú lábẹ́ ààrò, ọwọ́ ọmọbìnrin sì ni ìyá kọ́kọ́ ń pè. Ọjọ́ kan á di ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta á di ọ̀sẹ̀, nígbà tí ó bá padà sí kílásì, ìṣirò tí ó fi sílẹ̀ ti lọ jìnnà. Ẹ má ṣe gbàgbé olùkọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ilé rẹ̀ wà ní ìlú Àgbádárìgì yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí ìjì bá sì jà ní àárọ̀, kílásì yóò dúró dè é. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè wa wí pé kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbi tí olùkọ́ kan bá ti ń kọ́ kílásì méjì pọ̀, apá kan pátákó fún kílásì kẹta, apá kejì fún kílásì kẹrin, ẹ jẹ́ kí a kọ èyí náà sí ẹ̀gbẹ́ èsì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni ó wúwo jù. Ọmọ tí a bí sí ilé Ègùn, èdè Ègùn ni ó fi ń béèrè omi. Bí ó bá dé ọjà, yóò gbọ́ Yorùbá. Bí ó bá dé ilé-ìwé, yóò bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Èdè kẹta ni a fi ń dán an wò. Ọmọ tí ó lè ka ẹja ìyá rẹ̀ sínú agbọ̀n láìṣi ẹyọ kan, tí ó sì lè ṣírò owó rẹ̀ fún oníbàárà, ọmọ yìí kan náà ni yóò jókòó síwájú ìbéèrè ìṣirò tí yóò máa wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Ìṣirò kò ṣòro fún un; èdè tí a fi béèrè rẹ̀ ni kò yé e.

A kò fi ẹnu lásán sọ èyí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń bá ètò àtijọ́ lọ, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a fi wọ́n wéra, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde wí pé kí a máa fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tiwa, ìpadàsẹ́yìn ni.

Àmọ́ ó yẹ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa pẹ̀lú. Àwa tí à ń fi Yorùbá kọ ìwé, tí à ń jà wí pé kí a fi èdè ọmọ Yorùbá kọ́ ọ, ǹjẹ́ a rántí ọmọ Ègùn? Bí a bá mú Gẹ̀ẹ́sì kúrò tí a sì fi Yorùbá sí àyè rẹ̀ ní Gberefu, ẹrù tí ó wà lórí ọmọ Ègùn yóò fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí wa, kò tọ́ kí a ṣe é sí ẹlòmíràn. Ègùn kì í ṣe èdè tí a kò lè kọ sílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti túmọ̀ Bíbélì sí i, wọ́n sì ń sọ ọ́ láti ìhín dé Àjàṣẹ́. Bí olùkọ́ tí ó gbọ́ Ègùn bá wà ní kílásì kíní àti kejì, ọmọ yóò rí afárá tí yóò gbà sọdá sí Yorùbá àti sí Gẹ̀ẹ́sì.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin wà lẹ́yìn ọmọ yín. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó kan gbogbo ènìyàn, tí a ṣe ní ọdún 2004, wí pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gíga, dandan sì ni. Òbí tí kò bá fi ọmọ sí ilé-ìwé, a ó bá a wí ní ẹ̀ẹ̀kíní. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó lè san 2,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 náírà ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Òfin náà kò sì dákẹ́ lórí àwọn tí ń gbowó. Ẹni tí ó bá gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní àwọn kílásì wọ̀nyí lè san ìtanràn 10,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé. Gbogbo ọmọ ni òfin náà sọ. Kò wí pé ọmọ onílẹ̀ nìkan.

Bàbá kan lè wí pé, "Ọmọ mi ka ìwé dé kílásì kẹfà, inú ọkọ̀ ẹja ni ó padà sí. Kí ni èrè rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Inú ọkọ̀ ẹja kò ní ìtìjú. Ṣùgbọ́n apẹja tí ó mọ̀wé yóò ka ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yóò ka ìwé owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sì ní tẹ àtàǹpàkò sí ohun tí kò mọ̀. Ilẹ̀ etí òkun ti di ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń wá kiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá síwájú àgbààgbà, ọmọ ta ni yóò kà á sókè kí ẹ tó fọwọ́ sí i? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò gba owó púpọ̀. Kí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbààgbà jọ ra ìwé ńlá kan, kí wọ́n fa ìlà mẹ́rin sí i. Ní ìlà kíní, kí a kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, àti bí ó ti jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ní ìlà kejì, kí a kọ èdè tí ó ń sọ nílé. Ní ìlà kẹta, kí a kọ ọ̀nà tí ó ń gbà dé ilé-ìwé, bóyá ẹsẹ̀ ni tàbí ọkọ̀, àti iye ọjọ́ tí ó wá nínú sáà. Ní ìlà kẹrin, kí a kọ kílásì tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ó wà nísinsìnyí. Bí ó bá ti lọ, kí a kọ ibi tí ó lọ. Ní ọdọọdún, kí a gbé ìwé yìí sí ẹ̀gbẹ́ èsì ìdánwò, kí a sì ka méjèèjì pọ̀ níwájú gbogbo ìlú.

Nígbà náà ni ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó béèrè, ẹ ó sì mọ ọwọ́ ẹni tí ẹ ó ti béèrè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ń wọ ọkọ̀ ni èsì wọn rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìjọba ìbílẹ̀: ẹ béèrè ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ ilé Ègùn ni, ẹ béèrè olùkọ́ tí ó gbọ́ Ègùn lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní Èkó. Bí àwọn ọmọbìnrin bá ń dín kù láti kílásì kẹrin lọ, ọ̀rọ̀ di tiwa nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí a na ìka sí ìjọba. Bí ó bá sì jẹ́ olùkọ́ ni kì í wá, ìwé yóò sọ ọ́ láìsí ìjà. Ẹni tí ó lọ bá ìjọba pẹ̀lú ẹkún, wọn a ní kí ó máa lọ ilé. Ẹni tí ó lọ pẹ̀lú ìṣirò, wọn a fún un ní àga.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé yìí wá ẹni tí yóò lé. Bí a bá kọ ọ́ wí pé ọmọ kan ti Keta wá, kí a lè ràn án lọ́wọ́ ni a ṣe kọ ọ́. Ọjọ́ tí a bá fi ìwé náà lé ọmọ àlejò jáde ni a ti sọ ọ́ di ìwé ibi.

Nítorí ẹ̀yin ará wa ní Gberefu mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ wí pé kíkà kan wà tí ó burú. Lórí yanrìn yìí ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa gba ọ̀nà etí òkun lọ sínú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú. Wọ́n kà wọ́n ní orí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹrù, wọn kò béèrè orúkọ, wọn kò béèrè èdè, wọn kò béèrè ọmọ ta ni. Àwọn àlejò ń wá láti òkè òkun wo ojú ọ̀nà náà, wọ́n sì ń sunkún níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kíkà tiwa yàtọ̀. Kí a pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, kí a kọ èdè rẹ̀ sílẹ̀, kí a mọ ilé rẹ̀, bí kò bá sì wá lọ́la, kí ẹnìkan dìde láti wá a lọ.

Ọkọ̀ yín yóò máa rí ẹja bọ̀, oko yín yóò so, àwọn ọmọ yín yóò sì jókòó pẹ́ lórí bẹ́ńṣì. Ire o.